Panatta àti Ẹ̀wù Pupa ní Santiago

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 1976, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti ilẹ̀ Ítálì jáde sórí pápá tẹ́níìsì ní Santiago, olú-ìlú ilẹ̀ Ṣílè. Ọ̀kan ń jẹ́ Adriano Panatta, èkejì ń jẹ́ Paolo Bertolucci. Ife Davis ni wọ́n wá gbà, ife tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbá tẹ́níìsì ti ń bára wọn du láti ọdún 1900. Ẹ̀wù pupa ni àwọn méjèèjì wọ̀.

Ẹ lè ní, kí ló kàn wá nínú ẹ̀wù tí eléré wọ̀? Ẹ fara balẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọ̀ búlúù ni gbogbo ayé fi mọ eléré ilẹ̀ Ítálì, kì í ṣe pupa. Pupa ni àwọ̀ àwọn tí ìjọba ṣọ́jà ilẹ̀ Ṣílè ń lé kiri nígbà náà, tó ń tì mọ́lé, tó sì ń pa. Ọ̀gágun Augusto Pinochet ló ń ṣàkóso ìlú náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni òfin.

Àwọn kan máa ń sọ pé eré ìdárayá lọ́tọ̀, òṣèlú lọ́tọ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó máa ń di ọjọ́ kan tí àwọn méjèèjì á pàdé lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan, tí ọ̀kan kò ní lè kọjá kó má fara kan èkejì. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ dé bá Panatta nínú ọdún tí ayé yẹ ẹ́ jù lọ. Ká tó bá a dé Santiago, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Ìlú Róòmù ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 9, oṣù Keje, ọdún 1950. Bàbá rẹ̀, Ascenzio, kì í ṣe olówó. Òun ló ń ṣọ́ ẹgbẹ́ tẹ́níìsì Parioli, tó sì ń tọ́jú ibẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Amọ̀ pupa sì ni pápá tẹ́níìsì tiwọn lọ́hùn-ún, kò dà bíi sìmẹ́ǹtì tí èèyàn á gbá tán tí á sì gba ilé lọ. Wọ́n ní láti máa bomi rin ín, kí wọ́n fa ilẹ̀ rẹ̀ kó tẹ́jú, kí wọ́n gbá ìlà funfun rẹ̀ kó hàn. Bí àwọn olówó bá gbá tiwọn tán, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọn lọ, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló máa ń kù síbẹ̀. Ibẹ̀ ni Adriano kékeré ti mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń fò. Eré àwọn ọlọ́lá ni tẹ́níìsì láyé ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni ọmọ yìí sì gbà wọlé sí i.

Ọba tẹ́níìsì ilẹ̀ Ítálì nígbà náà ni Nicola Pietrangeli. Ẹ má fojú kékeré wo ọkùnrin yẹn. Ó gba ìdíje ńlá ti Párísì ní 1959, ó tún gbà á ní 1960. Nínú ìdíje Ife Davis, ìgbà 164 ló gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó sì borí nígbà 120. Ṣùgbọ́n Ife náà fúnra rẹ̀ kò bọ́ sí i lọ́wọ́ rí. Ní 1960 àti 1961, ó bá ikọ̀ Ítálì dé àṣekágbá, Ọsirélíà sì nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà dé orí rẹ̀.

Pietrangeli mọ bàbá Panatta dáadáa. Ascenzietto ló máa ń pe ọmọ náà, bí ẹni ń sọ pé Ascenzio kékeré, ọmọ ẹni tó ń ṣọ́lé. Ó ṣe, ọmọ náà dàgbà. Ní 1970, nínú ìdíje àgbà ti ilẹ̀ Ítálì tí wọ́n ṣe ní Bologna, àwọn méjèèjì pàdé ní àṣekágbá. Panatta jẹ́ ẹni ogún ọdún, Pietrangeli sì ti di ẹni ọdún 37. Ascenzietto ló borí. Àwọn àgbà wa ní ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Èyí kò tiẹ̀ bá àgbà jẹun nìkan, ó gba abọ́ lọ́wọ́ àgbà.

Ẹni tí kò mọ tẹ́níìsì lè máa rò pé kí bọ́ọ̀lù ṣáà ti ré kọjá àwọ̀n. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lórí amọ̀, bọ́ọ̀lù kì í yára. Bó bá balẹ̀, á ga sókè, á dúró deni. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń borí lórí amọ̀ fi máa ń jẹ́ onísùúrù, tí wọ́n á dúró sẹ́yìn pápá, tí wọ́n á máa dá bọ́ọ̀lù padà títí á fi sú ẹnì kejì. Panatta kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Bó bá ti gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó le, ó di eré sísá lọ sídìí àwọ̀n, kó lè fi rákẹ́ẹ̀tì gba èyí tó ń bọ̀ lójú òfuurufú kó tó balẹ̀. Ó tún ní ọgbọ́n kan: á rọra ju bọ́ọ̀lù kúkúrú sí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n, ẹnì kejì á máa sáré bọ̀ bí ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀, kó tó débẹ̀, bọ́ọ̀lù ti kú. Òǹwòran fẹ́ràn rẹ̀ nítorí eré tirẹ̀ dùn-ún wò. Ó ga, ó rẹwà, irun rẹ̀ kún dé ọrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbá irú eré bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá ṣe déédéé, ẹnikẹ́ni lè nà án. Bí Panatta ti rí nìyẹn: lónìí á na ọba, lọ́la á fìdí rẹmi lọ́wọ́ ẹni tá ò mọ̀.

Ní 1975, ó na Jimmy Connors ti Amẹ́ríkà ní àṣekágbá ìdíje Stockholm. Àṣé ìyẹn kàn ń ta wá lólobó ni. Ọdún 1976 ló ń bọ̀.

Nínú oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ìdíje Róòmù bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ìtìjú bá Panatta lọ́jọ́ àkọ́kọ́ níwájú àwọn ará ilé rẹ̀. Kim Warwick, ọmọ Ọsirélíà, ni wọ́n jọ gbá a. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó máa ń dé ibì kan nínú tẹ́níìsì tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹyọ kan ló kù kí ẹnì kan borí, kí eré sì parí? Ìgbà mọ́kànlá ni Warwick dé ibẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá ni Panatta yọ. Nígbà tó dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ, Harold Solomon ti Amẹ́ríkà ń lọ níwájú 5-4 nínú sẹ́ẹ̀tì kẹta, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù kan, inú bí Solomon, ó kó ẹrù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ní àṣekágbá, Panatta na Guillermo Vilas ti Ajẹntínà 2-6, 7-6, 6-2, 7-6. Róòmù gbóná lọ́jọ́ náà.

Ó kọjá sí Párísì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀ náà, ó tún kù díẹ̀ káàtó. Pavel Hutka, ọmọ Czechoslovakia, gbá a dé ibi bọ́ọ̀lù ẹyọ kan tó kù. Panatta fò lulẹ̀ bí agbálé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó na rákẹ́ẹ̀tì, ó gbà á. Sẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn parí sí 12-10, òun ló borí. Lẹ́yìn náà ló wá kan Björn Borg ti ilẹ̀ Swídìn. Borg ti gba Párísì ní 1974 àti 1975, ó sì tún padà wá gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin, láti 1978 dé 1981. Ní gbogbo ìgbà tó fi gbá ní Párísì, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n nà án, ẹnì kan ṣoṣo ló sì nà án lẹ́ẹ̀mejèèjì. Panatta ni. Ó nà án ní 1973, ó tún nà án ní 1976: 6-3, 6-3, 2-6, 7-6. Nígbà tó dé àṣekágbá, ta ló tún rí? Solomon tó bínú kúrò ní Róòmù ni. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó bínú lọ sílé. Panatta nà án 6-1, 6-4, 4-6, 7-6. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n kà á sí ẹnì kẹrin ní gbogbo àgbáyé.

Ife Davis ló kù. Àwọn mẹ́rin ni Ítálì ní: Panatta, Bertolucci, Corrado Barazzutti àti Tonino Zugarelli. Kápùténì wọn, tí kì í gbá ṣùgbọ́n tó ń darí wọn láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ni Pietrangeli, ọba àná. Wọ́n na ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Wimbledon. Wọ́n na Ọsirélíà ní Róòmù, Panatta ló sì na John Newcombe nínú eré tó parí ọ̀rọ̀. Àṣekágbá ló kù. Ta ni wọ́n máa bá gbá a? Ṣílè. Níbo? Santiago. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1973, àwọn ṣọ́jà Ṣílè fi ipá gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Salvador Allende, ẹni tí àwọn ará ìlú dìbò yàn. Allende kú lọ́jọ́ náà nínú ààfin. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ sí Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Santiago. Níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń pariwo nítorí góòlù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń na àwọn mìíràn, tí wọ́n ti ń pa àwọn kan. Iye àwọn tí ìjọba Pinochet pa tàbí tí a kò rí mọ́ títí tó fi kúrò lórí oyè ní 1990 lé ní 3,000. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1973 yẹn náà, ó yẹ kí ilẹ̀ Soviet wá gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n fi mọ ẹni tí yóò lọ sí Ife Àgbáyé. Soviet ní àwọn kò ní tẹ ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ wà. Kí ni Ṣílè ṣe? Wọ́n jáde fúnra wọn nìkan, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lọ sínú àwọ̀n tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ti jẹ góòlù. Nígbà tó di 1976, Soviet ló tún yẹ kó bá Ṣílè gbá ìpele tó ṣáájú àṣekágbá Ife Davis. Wọ́n tún kọ̀. Bí Ṣílè ṣe dé àṣekágbá láìgbá bọ́ọ̀lù kan nìyẹn. Inú ọgbà Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè yẹn gan-an sì ni àwọn pápá tẹ́níìsì tí wọ́n fẹ́ lò wà.

Ariwo ta ní Ítálì. Ẹgbẹ́ Kọ́múnísì ilẹ̀ náà lágbára gan-an. Nínú ìdìbò oṣù Kẹfà 1976, wọ́n gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìbò lọ. Àwọn èèyàn tú síta ní ìgboro, wọ́n ń sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ bá apànìyàn ṣeré. Wọ́n bi ara wọn pé ṣé ife fàdákà tó ohun tí a ń fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn rà ni? Èrò àwọn wọ̀nyí kì í ṣe èrò òmùgọ̀.

Pietrangeli kò gbà. Ó lọ láti ilé ìwé ìròyìn dé ilé tẹlifíṣàn, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń jiyàn. Ohun tó ń sọ kò ju pé bí Ítálì kò bá lọ, Pinochet ni yóò gba ife náà lọ́fẹ̀ẹ́, á gbé e sókè níwájú ayé, á fi ṣe fáàrí. Àwọn tó bínú sí i fi ikú halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ rántí 1960 àti 1961. Ẹni tí omi gbé ife lọ mọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó tún wá rí i nítòsí, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé á dákẹ́? Ìjọba kò fẹ́ dá ọ̀rọ̀ yìí dá ara rẹ̀. Ó jù ú sọ́wọ́ àwọn aláṣẹ eré ìdárayá. Ìtàn tí àwọn tọ́rọ̀ ṣojú wọn sọ lẹ́yìn náà ni pé àwọn Kọ́múnísì ilẹ̀ Ṣílè fúnra wọn, àwọn tí ìyà ń jẹ, ló ránṣẹ́ sí Enrico Berlinguer, olórí ẹgbẹ́ náà ní Ítálì, pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ náà wá, kí ife má baà di ti Pinochet láìjìyà. Ohùn àwọn tó ń ṣàtakò rọ̀ díẹ̀. Ikọ̀ náà wọ bàálù.

Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ 17, Barazzutti na Jaime Fillol, Panatta sì na Patricio Cornejo. Ítálì ti ní méjì. Ìkan péré ló kù, eré ẹlẹ́ni méjì-méjì ti ọjọ́ Sátidé ló sì kàn.

Panatta ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Òun ló dá a lábàá fún Bertolucci pé kí àwọn wọ ẹ̀wù pupa. Bertolucci ní orí rẹ̀ dàrú ni, pé wọ́n á ti àwọn mọ́lé. Àwàdà wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù náà sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti kékeré, Bertolucci kò sì fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó dá wọ̀ ọ́. Wọ́n jọ wọ̀ ọ́ ni, wọ́n sì jọ jáde síwájú àwọn èrò, nínú ọgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ké ìrora ní ọdún mẹ́ta ṣáájú.

Wọ́n pàdánù sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ 3-6. Wọ́n gba èkejì 6-2. Ẹ̀kẹta le, 9-7. Ẹ̀kẹrin, 6-3. Ó parí. Ife Davis di ti Ítálì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gbá èyí tó kù, Panatta na Fillol, àpapọ̀ sì di 4-1. Pietrangeli tó ti wá ife yìí láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ wá fọwọ́ kàn án.

Kí ni àwọn aláṣẹ ṣe fún àwọn ẹlẹ́wù pupa? Wọn ò ṣe nǹkan kan. Kò tiẹ̀ dà bí ẹni pé ẹnì kan fiyè sí i. Ní Ítálì ńkọ́? Ẹ gbọ́ èyí. Tẹlifíṣàn ilẹ̀ Ítálì kò tíì máa fi àwọ̀ hàn nígbà náà. Oṣù Kejì ọdún 1977 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ èyí tó ní àwọ̀ ní kíkún. Àwọn tó jókòó sílé, tí wọ́n ń wo bí Panatta ṣe ń sáré ní Santiago, ẹ̀wù aláwọ̀ eérú ni wọ́n rí. Èèyàn fi ara rẹ̀ wewu, ó sọ̀rọ̀ láàárín ọjà, ọjà ò gbọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé ife délé, wọn ò rí irú ìgbàlejò tó yẹ akọni. Ìjọba kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun níbi tí òun ti ń jó lórí ọ̀rọ̀ Santiago. Ife tí àwọn èèyàn ìbá fi ìlù àti ijó pàdé dà bí ọmọ tí wọ́n bí sílé tí wọn ò fẹ́ sọ ẹni tó ni ín. Pietrangeli pàápàá, nígbà tó fi máa di 1978, wọ́n ti gba ipò kápùténì lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ tó bá dé Santiago sì wà lára àwọn tí kò fẹ́ ẹ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ayé ti rí nìyẹn.

Panatta kò tún rí irú ọdún yẹn mọ́. Ó bá ikọ̀ rẹ̀ dé àṣekágbá Ife Davis ní 1977, 1979 àti 1980, wọ́n nà wọ́n ní gbogbo rẹ̀. Ní 1978, ó tún dé àṣekágbá Róòmù, Borg sì gbẹ̀san lára rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀tì márùn-ún, lọ́jọ́ tí àwọn òǹwòran kan ń ju owó ẹyọ lu Borg. Ní 1979, ó dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ ní Wimbledon, Pat DuPré ti Amẹ́ríkà sì yọ ọ́ níbẹ̀. Ó fi rákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní 1983. Ìdíje mẹ́wàá ló gbà ní eré ẹlẹ́nìkan. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ di kápùténì ikọ̀ Ife Davis, títí di 1997. Ó tún bá wọn wa ọkọ̀ ojú omi tó ń sáré àsápajúdé, torí ara rẹ̀ kò gba kó jókòó sójú kan.

Ẹ̀wù pupa ńkọ́? Ó wà níbẹ̀ bí owó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni Panatta àti Bertolucci bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́. Ní 2009, Mimmo Calopresti ṣe fíìmù kan lórí rẹ̀, ẹ̀wù pupa náà ló sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní 2022, wọ́n tún ṣe eré tẹlifíṣàn kan nípa ikọ̀ náà, níbi tí àwọn fúnra wọn, tí orí wọn ti funfun, ti jókòó tí wọ́n ń sọ ọ́. Ọdún 47 kọjá kí Ítálì tó tún gba Ife Davis, ní 2023. Ọdún 48 kọjá kí ọkùnrin Ítálì mìíràn tó gba ọ̀kan nínú àwọn ìdíje ńlá mẹ́rin ní eré ẹlẹ́nìkan. Jannik Sinner ló ṣe é ní Ọsirélíà ní 2024. Bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí bá ti ń borí, tí àwọn èèyàn bá ń bi ara wọn pé ta ló ṣe irú èyí rí, orúkọ Panatta ni wọ́n ń dá.

Èwo ló wá tọ̀nà? Ṣé kí wọ́n lọ ni àbí kí wọ́n má lọ? Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Ẹni tó ní kí wọ́n má lọ, ó rántí òkú. Ẹni tó ní kí wọ́n lọ, kò fẹ́ kí apànìyàn gba ẹ̀bùn ọ̀fẹ́. Ẹ̀wù pupa kò tú ẹlẹ́wọ̀n kan sílẹ̀, kò sì yọ Pinochet lórí oyè; ọdún 13 ló tún lò lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè ní, kí ni èrè aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò rí? Ṣùgbọ́n èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ni Panatta, kì í ṣe olóṣèlú. Ó lè wọ búlúù tàbí funfun rẹ̀, kó gbá tirẹ̀, kó gbé ife, kó lọ sílé. Kò sí ẹni tó máa bi í. Ó mọ ibi tó wà, ó mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà yẹn, kò sì fẹ́ kọjá níbẹ̀ bí ẹni pé òun ò mọ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju rákẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀wù lọ. Ó fi rákẹ́ẹ̀tì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó fi ẹ̀wù sọ tẹnu rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọmọ Ascenzio, ọmọ ẹni tó ń ṣọ́ pápá àwọn olówó, kò dákẹ́. Ó kàn jẹ́ pé ó pẹ́ kí ayé tó gbọ́ ni.